Ìkíni Ilé Onílé

Obìnrin tó ni ilé-ìwé tí mo ti ṣe igbákejì ọ̀gá, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ mi láti ìgbà tí irun wa ṣì dúdú, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí àgbà máa dárúkọ àgbà ní gbangba. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ka ìwé yìí sí i létí, kò ní pẹ́ tó fi máa mọ̀ pé òun ni, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bó ṣe mọ ara rẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ní kí n gbàgbé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, ó sì ti yọrí sí rere. Mo gbà pé ó yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́, kí ẹ foríjì mí: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ìyàwó tuntun ni àwa méjèèjì nígbà tí a dé Bìní. Báǹkì ló gbé ọkọ tirẹ̀ wá, iṣẹ́ ìjọba ló gbé tèmi. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà lèmi, ọmọ Èkìtì lòun. Inú ìsìn èdè Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì la ti pàdé, a sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ohùn mi dára ju tirẹ̀ lọ. Títí di òní, ìyẹn ò tíì yí padà. Nígbà tó yá, ó dá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní apá Ugbor. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ìjọba, òun fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ mí. Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi, ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi, dákun, wá bá mi dì í mú.” Mo bá a dì í mú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń bá mi lọ.

Ní àkókò yẹn, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi, ilé-ìwé yẹn náà ló sì ń lọ. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké. Bí mo bá ní kó bu omi wá, á bu omi wá. Bí mo bá ń bá a wí, á sunkún níbi tó yẹ kó ti sunkún. Ṣùgbọ́n ìdáhùn tó máa ń fún mi, Píjìn ni. “Grandma, I don come.” “Grandma, light don go.” Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi pè láti Iléṣà, ó ní kí n gbé fóònù fún ọmọ náà kó kí òun. Ọmọ gba fóònù tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ní, “Good morning ma, how una dey?” Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ta lẹ gbé fóònù fún yẹn?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sílẹ̀ ní sùkúù, mo sì rí i pé kì í ṣe ilé mi nìkan. Àwọn ọmọ Bìní, àwọn ọmọ Ẹsan, àwọn ọmọ Ìgbò, bákan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n gbọ́ èdè ilé wọn, ṣùgbọ́n kò sí ibì kan tí wọ́n ti lè gbé e jáde.

Bí àbá ṣe wá sí mi lọ́kàn nìyẹn. Inú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi ni mo ti sọ ọ́ fún un, nígbà tí à ń bọ̀ láti ibi ìdánrawò orin. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gbé èdè ilé rẹ̀ wá sí sùkúù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

“Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ pe àwọn òbí,” mo sọ fún un. “Ká bi wọ́n léèrè, ká sì bi àwọn ọmọ fúnra wọn. Ohun tí wọ́n ń sọ nílé, àwọn ló mọ̀ ọ́n. Àwa ò mọ̀ ọ́n.”

Ó ní, “Hùn-ún.” Ó tan rédíò.

Ó yẹ kí n ti fura. Ẹni tó bá ń fi hùn-ún dá èèyàn lóhùn, inú àpò ló ń kó ọ̀rọ̀ sí.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, ó pe gbogbo tíṣà jọ. Ó ní Ọlọ́run fi nǹkan kan han òun lójú oorun. Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ìran tí mo fi ẹnu ara mi sọ nínú mọ́tò rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló sọnù nínú ìran náà, ìyẹn ni pé kí a bèèrè. Ó jí ọbẹ̀ mi sè, ó gbàgbé iyọ̀. Ó ní a óò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè onílẹ̀. Gbogbo ọmọ sùkúù, láti kékeré dé àgbà, yóò kọ́ ìkíni àárọ̀ kan ṣoṣo ti ìlú Bìní. Wọn yóò máa kúnlẹ̀ kí i pọ̀ ní àpéjọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò sì máa fi kí àwọn àgbà nílé.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà. Ṣé a ò ní kọ́kọ́ pe àwọn òbí, ká bi wọ́n léèrè, ká sì gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ?”

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní, “Ta ló bi ọ́ léèrè?”

Kò tilẹ̀ sọ pé “ta ló bi yín”. Bí àwa méjèèjì nìkan bá wà nílé, ìwọ-ìwọ la máa ń pe ara wa, ìyẹn ò le. Ṣùgbọ́n ní sùkúù, níwájú èèyàn, ẹ̀yin-ẹ̀yin ni láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ó bọ́ ọ sílẹ̀ lára mi níwájú àwọn tíṣà tí mo tó bí lọ́mọ, tí àwọn mìíràn nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí wọn ò tíì kó kúrò nínú yàrá tí wọ́n háyà ní Ekosodin, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà gígùn kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò rẹ́rìn-ín. Mo rí i. Ó mọ̀ pé mo rí i.

Mo jókòó. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó tún la ẹnu nínú yàrá yẹn, àfi láti sọ pé “yes, ma”.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti rí ìkíni náà. Ọkùnrin ará Bìní kan ló múlé tì í. Ní àràárọ̀, ó máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri bí àwọn ọmọ ọkùnrin náà ṣe ń kúnlẹ̀ kí bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kúkúrú, ó dùn-ún gbọ́, bàbá náà á sì dá wọn lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi rò pé “ẹ káàárọ̀” gbogbo ìlú nìyẹn. N kò ní purọ́, èmi náà ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi ní ká bèèrè nìyẹn. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. N kò ní kọ ọ̀rọ̀ náà síbí. Kì í ṣe ti ilé mi.

Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, ó wuni. Gbogbo orúnkún kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn kan ṣoṣo ló sì jáde. Ọ̀rẹ́ mi ní kí wọ́n ya fídíò rẹ̀, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí lórí wásáàpù. Ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì kẹta nawọ́ sókè, ó ní, “Ma, for our house, no be so we dey greet.” Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Tíṣà kíláàsì kẹrin, tó jẹ́ ọmọ Bìní pọ́ńbélé, ń wo òrùlé bí ẹni pé òrùlé náà fẹ́ jò.

Ilé ọmọbìnrin yẹn wà ní Ogbe, nítòsí ààfin. Ìyá rẹ̀ ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bàbá àgbà, bàbá ọkọ rẹ̀, jókòó sí iwájú ilé, ó ń run orín. Ọmọ jáde, ó ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní sùkúù. Ó kúnlẹ̀, ó sì kí bàbá àgbà.

Bàbá yọ orín lẹ́nu. Ó ní, “Ọmọ ta nìyí?”

Ìyá ọmọ rò pé eré ni. Ó ní, “Bàbá, ọmọ yín ni.”

Bàbá ní, “Mo gbọ́ ohun tó fi kí mi. Mo tún ń bi ọ́: ọmọ ta nìyí?”

Ohun tí a ò bèèrè rèé, àwa tí a ti darúgbó sí ìlú yìí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Bìní ló ní ìkíni àárọ̀ tirẹ̀. Ọmọ á bá a lọ́wọ́ bàbá, bàbá á bá a lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Bí oríkì orílẹ̀ ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa ló rí: kò sí ẹni tó ń sọ fún èèyàn kó tó mọ̀ pé ti ilé ẹlòmíràn kì í ṣe tòun. Bí ọmọ bá wá jí lọ́jọ́ kan, tó fi ìkíni ilé onílé kí bàbá rẹ̀, nǹkan méjì ni àgbà lè rò. Bóyá ọmọ náà ti ṣìnà, tàbí ìyá rẹ̀ ló mọ ibi tó ti gbé e wá.

Lọ́jọ́ Ajé, kí aago tó lù, ẹnu géètì wa ti kún. Bàbá àgbà láti Ogbe ló ṣíwájú, ó wọ aṣọ funfun, ó mú ọ̀pá dání. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ fa ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ pọ́n. Àwọn òbí mìíràn tó jẹ́ ọmọ Bìní wà lẹ́yìn wọn, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹjọ́ tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Yorùbá kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì náà wà níbẹ̀, ó ń pariwo ju àwọn onílẹ̀ lọ. Ó ní, “Ọmọ mi ò tíì mọ ‘ẹ káàárọ̀, bàbá mi’, ẹ wá ń kọ́ ọ ní tará Bìní! Ṣé ẹ fẹ́ kó lọ bá wọn pín ogún níbẹ̀ ni?”

Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ gaara ni bàbá àgbà fi bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ ni pé, “Madam, ilé ta lẹ gbé wọ inú ilé mi?”

Òógùn bo ọ̀rẹ́ mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí mi. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Igbákejì mi ló mú àbá náà wá.”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bí mo ṣe gba ohun ìní mi padà nìyẹn, lẹ́yìn tó ti bà á jẹ́ tán. Ọlọ́run tó fi í hàn án lójú oorun, n kò mọ ibi tó gbà lọ láàárọ̀ yẹn.

Kò tíì parí. Ó gbóhùn sókè, ó ní, “A ti fòpin sí i. Láti òní lọ, kò sí èdè kankan ní ọjọ́ Ẹtì mọ́. Gẹ̀ẹ́sì nìkan.” Àwọn òbí kan bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, inú wọn dùn sí i, wọ́n fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́ wọn.

Mo lè gbé ẹ̀bi tó dì lé mi lórí. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ ìjọba láti ìgbà èwe mi, ẹ̀bi kì í wúwo lórí mi. Ohun tí n kò lè gbé ni “Gẹ̀ẹ́sì nìkan” yẹn. Mo mọ obìnrin yìí. Bí ọjọ́ Ẹtì bá kú síbi géètì yìí, kò sí ẹni tó máa jí i dìde ní sùkúù yẹn mọ́, ọmọ-ọmọ mi á sì dàgbà tán, á máa bi àbúrò mi ní Iléṣà pé “how una dey?”

Mo bọ́ sí iwájú bàbá àgbà, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ká ní a kọ́kọ́ bi yín léèrè, kí lẹ̀ bá ti sọ?”

Ó ní, “Ẹ ò bi mí.”

“Mo mọ̀, sà. Mo ń bi yín báyìí.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rín gba ẹnu rẹ̀. Ó ní, “Ǹ bá ní kí oníkálukú máa kí bí wọ́n ṣe ń kí nílé bàbá rẹ̀. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?”

Mo yíjú sí tíṣà kíláàsì kẹrin. “Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀?”

“I know, ma,” ó dáhùn, ó sì ń wo ọ̀gá wa tààrà. “But dem no ask me.”

Mo wá tẹ̀ ba, mo bi ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀. Ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Mo ní kó sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ó ní, “Ma, greeting get answer. If I greet for school, who go answer me?”

Ẹnu ya gbogbo wa. Òótọ́ ni. A kó ọmọ jọ, a ní kí wọ́n kúnlẹ̀ kí èèyàn, a ò sì pe àgbà kankan tó máa dá wọn lóhùn. Ògiri sùkúù ni wọ́n ń kí.

“Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ mi?” Bàbá àgbà fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Ẹ ṣì lè bi mí pé ọmọ ta ni. Ọmọ mi ni! Ní ọjọ́ Ẹtì, èmi ni n ó wá dá a lóhùn.” Ìyá ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èèyàn sì bá a rẹ́rìn-ín, àyàfi ẹnì kan.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe di ìpàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, nínú gbọ̀ngàn sùkúù, tòbí tọmọ. A pinnu pé ọmọ máa jókòó sórí àga bí àgbà, kì í ṣe sílẹ̀, àti pé bí ọmọ bá dìde sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sí iwájú, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tó wá gbọ́ ìwàásù ìjọ mìíràn.

Mo gbádùn ọjọ́ yẹn. Ọmọ kan ní kí wọ́n má fún àwọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́jọ́ Ẹtì mọ́. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ títí, àwọn ìyá sì kọ̀ jálẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan. Ìyá kan tó jẹ́ Ẹsan, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ Ìgbò, bèèrè pé èwo ni ọmọ òun máa mú. Ọmọ rẹ̀ ló dá a lóhùn: “Mummy, both. You go answer one, Daddy go answer one.” Ọmọ mìíràn dìde, ó ní bí àwọn bá máa kí, àfi kí àwọn tíṣà náà kí ní tilé wọn. Wọ́n fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kí tíṣà ìṣirò bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà gígùn náà dìde. Ọmọ Yorùbá ni, láti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun níbi tí èmi gan-an ti wá. Ó dọ̀bálẹ̀ dé ìdajì, ó ní, “Ẹ… ẹ kú… good morning, ma.” Gbọ̀ngàn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Mo rẹ́rìn-ín. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi.

Nígbà tí a parí, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí rọrùn. Oníkálukú á mú tilé rẹ̀ wá. Àwọn ẹbí á máa wá ní ọjọ́ Ẹtì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti dá àwọn ọmọ lóhùn. Wọ́n lè kọ́ ti ara wọn kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé ti ilé onílé lọ kí bàbá rẹ̀. Bí sáà bá parí, a óò tún pàdé, a óò bi àwọn ọmọ bóyá kí a máa bá a lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé ìpàdé náà, bàbá àgbà láti Ogbe ti jókòó sórí àga ńlá kí èmi tó dé. Kò sí ohùn kan ṣoṣo mọ́ o. Ariwo bí ẹyẹ ẹ̀gà ni. Ọ̀gbẹ́ni báǹkì wọ búbá àti ṣòkòtò wá, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ sọ́nà bó ṣe máa fi àyà kan ilẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù funfun, ìyá ọmọ sì ń pariwo pé ta ló máa fọ̀ ọ́. Láàárín rúkèrúdò yẹn, ọmọ-ọmọ mi wá síwájú mi, ó kúnlẹ̀ lórúnkún méjèèjì.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ jí dáadáa?”

“A jí ire, ọmọ mi. Ìwọ náà ńkọ́?”

“A dúpẹ́, mà.” Ó dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì sún mọ́ etí mi. “Grandma, I try?”

Mo pe Iléṣà nírọ̀lẹ́. Àbúrò mi ní kí ọmọ náà tún un kí, kó tún un kí. Nígbà tó sunkún ayọ̀ tán, ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti di ti ará Bìní.” Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe tó máa tẹ́ ará Iléṣà lọ́rùn.

Sáà parí, àwọn ọmọ ní kí a máa bá a lọ. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo àlejò tó bá wọ ọ́fíìsì rẹ̀ pé, “Níbí, a kì í ṣe nǹkan tuntun láìbi àwọn ọmọ àti ẹbí wọn.” Ẹnu kan náà tó bi mí pé ta ló bi mí ló fi ń sọ ọ́. Mo dúró, mo ń retí “má bínú”. Kò wá. Nígbà tí orúnkún mi ò fẹ́ àtẹ̀gùn mọ́, mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo jókòó sílé mi ní Ugbor. A ń rí ara wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. A máa ń na ìwé orin sí ara wa. Kò sí “má bínú” nínú ìwé orin.

Láìpẹ́ yìí ló wọlé dé pálọ̀ mi lójijì, tòun ti ọ̀pá tuntun. Ó jẹ ṣin-ṣín mi. Ó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sọ̀rọ̀ ọ̀gá akọrin tuntun tí kò mọ orin. Ó ní òun fẹ́ dán nǹkan kan wò ní sùkúù: kí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà máa kọ́ àwọn kékeré ní ìwé kíkà. Mo ní, “Hùn-ún.” N kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Ó dìde pé òun ń lọ, ó tún jókòó. Ó dìde lẹ́ẹ̀kejì, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó di ilẹ̀kùn mú. Àwa méjèèjì nìkan la wà nílé, kò sí tíṣà, kò sí òbí, kò sí ẹni tó ń gbọ́ wa. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní:

“Mo ti bi àwọn ọmọ léèrè. Mo ti bi àwọn bàbá wọn àti ìyá wọn. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí n kò tíì bi, mà.”